Ojú Àrèmábọ̀ àti Ojú Àpadàbọ̀: Àyẹ̀wò Ìtàn tí Afinimọ̀nà ń Sọ fún Àlejò ní Àgbádárìgì

1. ÌFÁÀRÀ

Àgbádárìgì wà lára àwọn ìlú etí ọ̀sà tí àlejò ń wọ́ lọ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ń lọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú tí a bí sí Amẹ́ríkà náà sì ń wá láti fi ojú ara wọn rí ilẹ̀ tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá wọn ti ṣí lọ. Díẹ̀ ni ó ń dá rìn nínú wọn. Afinimọ̀nà ni ó ń ṣíwájú, òun ni ó ń tọ́ka, òun ni ó ń ròyìn, ohun tí ó bá sì sọ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìtàn Àgbádárìgì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú afinimọ̀nà ni àlejò ń yá.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti gbé ìtàn afinimọ̀nà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí òpìtàn ti ń gbé ẹ̀rí yòówù yẹ̀ wò. A kò fẹ́ bẹnu àtẹ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fẹ́ gbé e mì láìjẹ. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó bi í: (i) irú ìtàn wo ni? (ii) níbo ni ó ti bá ẹ̀rí mìíràn mu, níbo ni kò sì ti bá a mu? (iii) kí ni ó ń fò dá? Èrò wa, tí a ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé orúkọ tí a fi ń pe òpin ìrìn náà, èyí tí a lè pè ní Ojú Àrèmábọ̀ ní èdè wa, ti la ojú àlejò sí apá kan ìtàn ìlú náà, ṣùgbọ́n ó ti pa ojú rẹ̀ dé sí apá kejì. Apá kejì náà ni pé Àgbádárìgì yìí kan náà ni ilẹ̀kùn tí díẹ̀ nínú àwọn tí a tà gbà padà wọlé.

2. IRÚ ÌTÀN WO NI ÌTÀN AFINIMỌ̀NÀ?

Kí a tó lè ṣe ìdájọ́ lórí ìtàn yìí, ó yẹ kí a mọ ojú ọ̀nà tí ó ń gbà. Àwọn ibi tí a sábà máa ń mú àlejò dé kò pọ̀. Lára wọn ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́-sí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2002. Ọjà ẹrú Vlekete, tí a fi orúkọ òrìṣà omi àti afẹ́fẹ́ pè. Agbo ilé Mobee, níbi tí ìdílé náà ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àwọn irinṣẹ́ òwò ẹrú pamọ́ sí. Ilé Seriki Williams Abass. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn òyìnbó oníwàásù. Àti ojú ibi tí igi Agia wà kí ó tó wó ní 1959. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí erékùsù Gberefu, wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn, ìrìn náà yóò sì parí sí etí òkun, ní Ojú Àrèmábọ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Èkínní ni pé ẹsẹ̀ ni ó ń to ìtàn yìí, kì í ṣe ọdún. Ilé tí ó bá súnmọ́ ọ̀nà ni a ó kọ́kọ́ dé, ìbáà ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níkẹyìn ni ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àlejò ṣe lè gbọ́ nípa 1863, kí ó tó gbọ́ nípa 1842, kí ó sì tó wá gbọ́ nípa 1502. Ìgbà tí ó bá dé etí òkun ni gbogbo rẹ̀ yóò tó dàpọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo lójú rẹ̀: ìlú kan, ọjà kan, ọ̀nà kan, òkun kan.

Èkejì ni pé ìtàn yìí ní olówó tirẹ̀. A mọ̀ pé àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ kò sọ ìtàn lásán. Ọba ni ó gbé wọn ró, ọlá ọba sì ni wọ́n ń gbé yọ. Bákan náà ni afinimọ̀nà. Owó àlejò ni ó ń jẹ, ìdílé tí ó ni ilé sì ni ó ń fún un ní àyè. Nígbà mìíràn, ọmọ ilé náà gan-an ni afinimọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sì ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tí ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ó wà nínú ilé baba ńlá rẹ̀ han ọmọ ẹni tí ó ṣeé ṣe kí a ti fi irú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bẹ́ẹ̀ dè, iṣẹ́ tí kò rọrùn ni ó ń ṣe. Pé àwọn ìdílé kan ní Àgbádárìgì ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ láti sọ pé àwọn baba àwọn ṣe òwò yìí, ohun ìyìn ni, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú wà ní òkè ilẹ̀ tí wọ́n ṣe òwò náà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n òpìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń júwe.

3. ILẸ̀ ÀTI OMI GẸ́GẸ́ BÍ Ẹ̀RÍ

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù nínú ìrìn náà kì í ṣe ohun tí afinimọ̀nà ń sọ rárá, bí kò ṣe ibi tí ó ń mú ènìyàn gbà. Bí a bá dúró létí omi ní ìlú, ọ̀sà ni a ó kọ́kọ́ rí, tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní òdìkejì ni Gberefu wà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ oníyanrìn tí igi àgbọn kún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá, tí ìgbì rẹ̀ ń ru gùdù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn àlejò a máa yìn ín pé ó lẹ́wà, ó sì lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹwà yìí gan-an ni ó ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí.

Kò sí èbúté tí ọkọ̀ òkun lè wọ̀ ní gbogbo etíkun yìí. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó kò lè súnmọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń dúró sí. Láti ìlú, a ní láti fi ọkọ̀ kékeré gbé ènìyàn sọdá ọ̀sà, kí a mú un la yanrìn kọjá, kí a tó tún gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn tí yóò la ìgbì lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ohun tí àlejò òde òní ń ṣe nìyẹn, yàtọ̀ sí ti ìgbì náà. Nítorí náà, a lè sọ pé ara àlejò ń kọ́ ohun kan tí etí rẹ̀ lè má gbọ́: pé ìlú kò sí ní etí òkun, pé agbede-méjì ọ̀sà àti òkun ni ọ̀rọ̀ wà, àti pé ẹni tí ó bá ni ọ̀sà ni ó ni òwò.

Èyí mú wa dé ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà ti kù díẹ̀ káàtó. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, tí gbogbo ẹni tí a mú dé Àgbádárìgì sì ń gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ọ̀sà, kì í ṣe ògiri. Láti agbègbè Àjàṣẹ́ títí dé Èkó ni ọkọ̀ ojú omi ń rìn lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹrú ni wọ́n sì ń gbé láti ìlú kan sí èkejì títí tí wọn yóò fi rí ọkọ̀ òkun tí ó dúró. Bí ogun bá dí ọ̀nà kan, wọn a gba òmíràn. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 12.5 ni a kó sínú ọkọ̀ òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 nínú wọn ni ó jáde láti etíkun tiwa yìí, tí àwọn òyìnbó sọ ní Etíkun Ẹrú. Àgbádárìgì jẹ́ ọ̀kan nínú ojú ihò púpọ̀ tí wọ́n gbà jáde. Wìdà ni ó tóbi jù lára wọn, Èkó sì gba ipò iwájú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

4. ỌDÚN 1502

Ní ọjà Vlekete, ọdún tí a sábà máa ń sọ fún àlejò ni 1502. Wọ́n ní ọdún náà ni ọjà ẹrú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún yìí ti wọ inú ìwé pélébé tí a ń pín fún àlejò, ó sì ti wọ inú ìwé ìròyìn. Ó yẹ kí a dúró tì í díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìbíní ni àwọn Potogí ń bá ṣe òwò ní agbègbè yìí, Ughoton sì ni èbúté wọn. Orúkọ Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí ìlú òwò kò hàn gbangba nínú àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó títí di àwọn ọdún 1730. Robin Law, òpìtàn tí ó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí etíkun yìí, àti Caroline Sorensen-Gilmour, tí ó ṣe ìwádìí lórí Àgbádárìgì láti 1784 sí 1863, ti ṣàlàyé bí ìlú náà ṣe jẹ yọ. Ní 1724, Àgájà ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Allada. Ní 1727, ó ṣẹ́gun Wìdà. Ní 1732, ọwọ́ Dàhòmì tẹ Jakin pẹ̀lú. Àwọn tí ogun yìí lé jáde gba ojú ọ̀sà sá lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Hendrik Hertogh, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Hóláńdì tí ó wà ní Jakin, wà lára àwọn tí ó sá, agbègbè Àgbádárìgì sì ni ó tún àtẹ rẹ̀ pa sí kí wọ́n tó pa á ní 1738.

Ohun tí ó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé ìtàn àtẹnudẹ́nu Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ọkùnrin yìí. Ó ń sọ nípa òyìnbó kan tí a ń pè ní Huntokonu, tí ó wá jókòó ṣe òwò láàárín wọn. Ó ṣeé ṣe gidigidi kí Huntokonu àti Hertogh jẹ́ ẹnì kan náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn àwọn àgbà ìlú àti àkọsílẹ̀ òyìnbó fohùn ṣọ̀kan; 1502 nìkan ni ó dá dúró.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni igba ọdún ó lé díẹ̀ já mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó burú tó báyìí. Ìdáhùn wa ni pé ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Bí a bá gba 1502, Àgbádárìgì di ìlú tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí òyìnbó dédé wá dá ọjà ẹrú sílẹ̀ sí àárín rẹ̀. Ìtàn náà kò ju ti aṣebi àjèjì lọ. Bí a bá gba ẹ̀rí tí ó wà, ìtàn tí ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a rí: àwọn tí ogun òwò ẹrú lé kúrò nílé ni ó tẹ ìlú òwò yìí dó, àwọn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹlòmíràn. Ìlú náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ń ṣe. Ní 1784, Dàhòmì àti àwọn tí ó bá a ṣe àjùmọ̀ṣe kọ lu Àgbádárìgì pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọ̀yọ́, wọ́n sì pa á run. Láìsí àní-àní, àwọn kan tí ó jẹ́ olówó ẹrú ní àárọ̀ ọjọ́ ogun náà ti di ẹrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ìtàn báyìí ni ó lè kọ́ ọmọ ilé-ìwé wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa bí òwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ó fi hàn án pé kò sí ìlà tí ó ya olùtà kúrò lára ẹni tí a tà.

5. ILÉ ẸRÚ ÀTI ILÉ ÌWÀÁSÙ

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọdún, ọ̀nà tí ìrìn náà gbà pín ìtàn ìlú ni ó kàn. Ìpín méjì ni: ti ẹrú àti ti ìhìnrere. Nínú èkínní, òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀. Nínú èkejì, ìmọ́lẹ̀ dé. Àwọn ilé tí a ń fi han àlejò ni a pín sí abẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ènìyàn tí ó gbé inú àwọn ilé náà, a ó rí i pé ìpín yìí kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé 1842 ni a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, pé 1845 ni a parí rẹ̀, pé òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nípa ọdún, a mọ̀ pé Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Elétò gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842, Henry Townsend ti CMS sì dé láti yẹ ọ̀nà wò ní ìparí ọdún náà. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní 1845 ni Gollmer, Townsend àti Crowther tó wá fìdí kalẹ̀ fún CMS. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí 1842 jẹ́ ọdún ilé tí Freeman kọ́ fún ìjọ tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọdún ilé méjì ti wọ inú ara wọn lẹ́nu àwọn olùsọ ìtàn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti Crowther. Bíbélì Yorùbá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń mú wá sí ẹnu afinimọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí Àjàyí tó di Crowther, ẹrú ni. Ní 1821 ni a kó o ní Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1822 ni a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Ọkùnrin tí ó wà ní Àgbádárìgì ní 1845, tí ó ń wàásù ní èdè Yorùbá, ti rí inú ọkọ̀ ẹrú rí. Ó ti lọ, ó sì ti bọ̀. Ogun àti ikú Ṣódẹkẹ́ ni ó dá a dúró sí Àgbádárìgì fún ọdún kan ó lé kí ó tó rí ọ̀nà gòkè lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlà, ti tún fojú kan ara wọn. Nígbà tí a bá fi ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí abẹ́ ìhìnrere nìkan, a ti yọ ẹ̀rí ìpadàbọ̀ tí ó lágbára jù kúrò nínú ìtàn ẹrú.

Seriki Williams Abass ni ẹ̀rí ìhà kejì. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé rẹ̀ ti wí, ọmọ Jogá Orílẹ̀ ni, a kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bràsíìlì, ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó mélòó kan, ó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú àti olórí pàtàkì ní Àgbádárìgì títí ó fi kú ní 1919. Wọ́n ń fi yàrá 40 tí a ń há ẹrú mọ́ han àlejò ní agbo ilé rẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé nǹkan bíi 1840 ni ó ti wà. Ṣírò lásán fi hàn pé ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1840 yóò ti di ẹni 99 ọdún ní 1919. Nítorí náà, bí ọdún ilé náà bá tọ̀nà, kò dájú pé Abass ni ó kọ́ ọ; bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó kọ́ ọ, ó yẹ kí a fa ọdún náà wá sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé jà níyàn ni pé òun náà lọ, òun náà bọ̀. Ọ̀kan padà bọ̀ láti wàásù, ọ̀kan padà bọ̀ láti ta ènìyàn. Láàárín àwọn méjèèjì ni òtítọ́ ọ̀rúndún náà wà.

6. KÀǸGA ÌGBÀGBÉ ÀTI ÈRE WÌDÀ

Ní ojú ọ̀nà Gberefu, a máa ń mú àlejò dé ibi kànga kan. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni a ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń sunkún. Kí a tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ó ṣàǹfààní kí a fi ojú wo Wìdà, ní ìlẹ̀ Olómìnira Benin, nítorí ibẹ̀ náà ní irú ìtàn yìí: igi ni tiwọn, Igi Ìgbàgbé, tí a ní wọ́n ń mú àwọn ẹrú yí ká.

Ọ̀nà Ẹrú tí ó wà ní Wìdà, tí ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin láti ìlú dé òkun, gba ìrísí tí ó ní lónìí ní àwọn ọdún 1990. Àjọ̀dún Ouidah 92, tí wọ́n ṣe ní oṣù kejì 1993, ni ó mú kí ìjọba ilẹ̀ náà gbé àwọn oníṣẹ́ ọnà dìde. Cyprien Tokoudagba, ará Abomey, wà lára àwọn tí ó mọ ère sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Ẹnu Ọ̀nà Àrèmábọ̀ sì tẹ̀lé e ní 1995. Law ti tọ́ka sí i pé kò sí ẹ̀rí láti ìgbà òwò ẹrú tí ó gbe ìtàn Igi Ìgbàgbé lẹ́sẹ̀. Àmì àwọn ọba Dàhòmì sì wà lára àwọn ère tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọba náà ni ó ṣẹ́gun Wìdà, tí wọ́n sì jẹ èrè òwò náà. Kì í ṣe pé àwọn ère wọ̀nyí kò dára. Iṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìrònú àwọn ènìyàn ọdún 1990 nípa òwò ẹrú ni wọ́n jẹ́ ẹ̀rí fún. Ó yẹ kí a sọ ọdún wọn fún ẹni tí ń wò wọ́n.

Bí a bá padà sí kànga Gberefu, ojú kan náà ni a ó fi wò ó. Òpìtàn kò lè fi í ṣe ẹ̀rí pé báyìí báyìí ni a ṣe fún àwọn ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí nǹkan mìíràn ni. Ó fi hàn pé àwọn tí ó kù sílé ń wá ìdí tí àwọn tí ó lọ kò fi padà. Bí ẹni tí ó lọ bá ti mu omi ìgbàgbé, kì í ṣe òun ni ó kọ ilé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ará ilé ni ó gbàgbé rẹ̀. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó dúró ni ìtàn kànga náà, kì í ṣe nípa àwọn tí a kó lọ. Àwọn tí a kó lọ kò gbàgbé. Ṣàngó àti Ògún tí a ń bọ ní Bahia àti ní Kúbà títí di òní ni ó jẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ kí a mẹ́nu ba ọnà àwọn ará ìlú gan-an. Ègùn, tí àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Ògù, ni wọ́n. Wọ́n ní Zangbeto, ọlọ́dẹ òru tí ó fi koríko bo ara láti òkè délẹ̀, àti Sato, ìlù gíga fíofío tí àwọn onílù ń jó yí ká bí wọ́n ti ń lù ú. Adúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà ní, bíi Jegba, Ahovikoh, Boekoh àti Posukoh, oníkálukú sì ní ìtàn ibi tí ó ti ṣí wá. Nínú ìtàn adúgbò wọ̀nyí ni ẹ̀rí àwọn ìsáǹsá ogun tí a sọ lókè wà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àlejò ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ijó ni wọ́n ń fi Zangbeto ṣe fún un, kì í ṣe ìtàn.

7. OJÚ ÀPADÀBỌ̀

Ní báyìí, a lè gbé ohun tí a sọ nínú ìfáàrà kalẹ̀. Láàárín 1821 sí 1851, tí Ọ̀yọ́ wó, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, Àgbádárìgì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbà lọ nìkan. Adélé, ọba Èkó tí a lé kúrò lórí oyè, ibẹ̀ ni ó sá sí. Ibẹ̀ ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ti bá a ní 1830. Láti ibẹ̀ ni ó sì ti padà lọ jọba ní Èkó. Akíntóyè náà, tí a lé ní 1845, ibẹ̀ ni ó wà kí ó tó padà sórí oyè ní ìparí 1851.

Èyí tí ó ju ti ọba lọ ni ti àwọn mẹ̀kúnnù tí a ń pè ní Sàró. Ní nǹkan bíi 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lójú òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ padà wá. J. F. Adé Àjàyí ti kọ ìtàn wọn ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọ oníwàásù. Àwọn oníṣòwò kan nínú wọn ra ọkọ̀ òkun tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì fi í wá ilé. Àwọn tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè níbẹ̀. Nítorí náà ni Àgbádárìgì ṣe di ojú ilé wọn. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti gòkè lọ sí Abẹ́òkúta láti wá ìyá àti àbúrò. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ni ó kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí a rán oníwàásù wá. Nítorí náà, Freeman kò ṣàdédé dé abẹ́ igi Agia. Àwọn tí a ti tà rí ni ó pè é.

A kò gbọdọ̀ sọ èyí ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú mílíọ̀nù 2 tí ó gba etíkun yìí lọ, àwọn tí ó padà kò tó nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, àrèmábọ̀ ni lóòótọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò sì dé òdìkejì òkun láàyè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní àwọn ọdún tí àwọn Sàró ń sọ̀ kalẹ̀ yìí, òwò ẹrú ṣì ń lọ lọ́wọ́ lórí ọ̀sà kan náà. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí kò fi yẹ kí a fi èyí sílẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ àti ẹni tí a ń mú lọ lè pàdé ara wọn lójú omi.

8. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú pépà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn afinimọ̀nà jẹ́ irú ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tí ó ní ètò àti olówó tirẹ̀. Pé ilẹ̀ àti omi tí ó ń mú àlejò gbà jẹ́ ẹ̀rí tí ó dájú ju ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Pé ọdún 1502 kò bá àkọsílẹ̀ mu, kò sì bá ìtàn Huntokonu tí àwọn àgbà ìlú ń sọ mu. Pé kànga àti ère jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tí ó ṣe wọ́n. Àti pé Ojú Àrèmábọ̀ ti bo Ojú Àpadàbọ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa lè ṣe. Àkọ́kọ́, kí a máa gba ohùn àwọn afinimọ̀nà sílẹ̀, kí a sì máa kọ ọjọ́ sí i, nítorí ìtàn wọn ń yí padà, ìyípadà náà sì jẹ́ ohun tí ó yẹ fún ìwádìí. Èkejì, kí a kọ ìwé pélébé ní èdè Ògù àti Yorùbá tí yóò to ìtàn ìlú náà bí ọdún ti tẹ̀lé ara wọn, kí ó lè wà lọ́wọ́ afinimọ̀nà àti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀kẹta, kí ìtàn adúgbò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di ohun tí a kọ sílẹ̀ kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó tán.

Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá dúró sí etí òkun Gberefu ń dojú kọ omi, ó sì kẹ́yìn sí ìlú. Ibẹ̀ ni afinimọ̀nà ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá lè sọ fún un pé kí ó yí padà, kí ó wo ọ̀sà tí ó ti sọdá, kí ó sì mọ̀ pé ojú omi yìí ni àwọn kan gbà wá ìyá wọn délé, ìtàn tí yóò gbé lọ yóò súnmọ́ òtítọ́ jù èyí tí ó ń gbé lọ títí di ìsinsìnyí.